Olùtọ́jú Ìwé, Olùtọ́jú Ènìyàn

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Addo, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láti abẹ́ bíríìjì Ajah títí dé etí omi ní Badore, mo ní ọ̀rọ̀ kan í bá yín sọ. Àwọn kan wà láàárín yín tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilé ìkàwé ní yunifásítì. Àwọn mìíràn ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìgbáyégbádùn, èyí tí àwa àgbà Èkó mọ̀ sí wẹ́fíà. Mo ti ń wò yín. Ẹ jọ ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan náà lọ sí Ajah, ẹ jọ ń ṣe àríyá, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Olùtọ́jú ìwé ní ìwé ni iṣẹ́ òun. Ẹni tó ń ṣe wẹ́fíà ní ẹjọ́ ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ àti ìyàwó tí ọkọ ń lù ni iṣẹ́ tòun. Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan náà ló ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀yin méjèèjì. Obìnrin tó wá bèèrè lónìí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, òun náà ni fáìlì rẹ̀ yóò wà lórí tábìlì wẹ́fíà ní oṣù mélòó kan sí i, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ilé ìkàwé ní ilẹ̀kùn tí ojú kì í ti ènìyàn láti wọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀ tí yóò bá onítọ̀hún dé ilé. Wẹ́fíà ní ẹsẹ̀, ó sì ní àṣẹ òfin lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú àti ìbẹ̀rù ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí èkíní kò ní ló wà lọ́wọ́ èkejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbẹ̀rù wẹ́fíà ní Èkó ní ìtàn. Ní 1941, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, ìjọba àmúnisìn gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń sùn káàkiri ìgboro lé òyìnbó kan lọ́wọ́, Donald Faulkner lorúkọ rẹ̀. Kó tó dé Èkó, ọgbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ sófin sí ní Enugu ló ti ń ṣe alábòójútó. Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn. Ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni wẹ́fíà gbà wọ Èkó. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́, n kò ní bù ú kù. Ó wádìí ibi tí àwọn ọmọ náà ti wá, ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ṣí ilé tí wọ́n lè máa sùn sí. Ní 1943, òfin lórí ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde. Nígbà tó di 1946, òfin ìkiri tẹ̀ lé e: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ kiri ọjà ní ìgboro Èkó mọ́. Ọlọ́pàá àti wẹ́fíà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọdébìnrin tó ru igbá lórí. Abọ́sẹ̀dé George, ọmọ wa tó jẹ́ onímọ̀ ìtàn, kọ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2014, Making Modern Girls lorúkọ rẹ̀. Ẹ wá a kà. Ẹ óò rí i níbẹ̀ pé ìyá tó rán ọmọ lọ kiri kò gbà pé òun ń fìyà jẹ ẹ́. Òwò ló gbà pé òun ń kọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ tó wá mú ọmọ náà kò sì béèrè. Ó ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kó tó kúrò ní ọ́fíìsì.

Láti ìgbà yẹn títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ wẹ́fíà létí ìyá kan ní ọjà Ajah, ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ òun. Kò ní sọ òótọ́ fún yín. Yóò ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má bínú sí i. Ẹ kàn mọ̀ pé ìbẹ̀rù tí ẹ kò dá sílẹ̀ lẹ ń jogún, ó sì di dandan kí ẹ wá ibòmíràn tí ẹ ti lè bá a pàdé, níbi tí ara yóò ti tù ú tó láti sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni ilé ìkàwé. Kò sẹ́ni tó rí obìnrin tó ń wọ ilé ìkàwé tó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọdé lè wọ̀ ọ́, arúgbó lè wọ̀ ọ́, ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò lè jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ọwọ́ ọ̀sán. Kò pọ̀ mọ́ ní Èkó, irú ibi bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n onísìn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wà fún. Gbogbo ibi tó kù ní ojú ọ̀nà Addo yìí, ẹ óò ra nǹkan kí ẹ tó jókòó.

Àmọ́ mo ní ẹ̀sùn kan pẹ̀lú àwọn ilé ìkàwé wa. A ti jẹ́ kí wọ́n di gbọ̀ngán ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò. Ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB á gbé ìwé tirẹ̀ wá láti ilé, á wá àga àti atẹ́gùn, á kàwé, á lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò ní kí wọ́n má wá. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá ẹlẹ́ja tó fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ rẹ̀ kò fi sọ̀rọ̀ ní ọdún mẹ́ta yóò bá? Ta ni yóò ka fọ́ọ̀mù fún bàbá tó ń ṣọ́ geeti? Olùtọ́jú ìwé tó rò pé irú àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ti òun kò tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan hàn yín. Felicia Adétòún Ògúnṣẹ̀yẹ ni. Ní 1926 ni wọ́n bí i. Ó ka ìwé ní Queen's College ní Èkó, ó lọ sí Yaba Higher College, ó lọ sí Cambridge. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọjá sí Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé ní Simmons College ní ìlú Boston. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, iṣẹ́ ìwé títọ́jú ló sì gbé e dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé lẹ ń tò lórí pẹpẹ, ẹ rántí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́. Abadina ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́.

Abadina ni àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ń gbé nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn: awakọ̀, agbálẹ̀, ọlọ́dẹ, àwọn tó ń gé koríko. Ilé ìkàwé ńlá tí a mọ̀ sí Kenneth Dike wà nítòsí wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n kọ́ ọ fún, pàápàá ọmọ agbálẹ̀. Ní 1973, Ògúnṣẹ̀yẹ gbé ilé ìkàwé àwọn ọmọdé kalẹ̀ ní Abadina. Ó lè jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kó máa kọ ìwé nípa bí ọmọ tálákà kì í ṣe kàwé, àwọn òyìnbó ì bá sì pè é wá sọ̀rọ̀ ní ìlú wọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ náà wà ló kọjú sí, tó wá gbé ìwé, àwòrán àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ bá wọn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń kọ́ṣẹ́ lára ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Ibẹ̀ ló padà di Abadina Media Resource Centre.

Kí ló jẹ́ kí ó rí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí? Mo ní èrò tèmi. Ó ti wà pẹ̀lú àwọn obìnrin Ìbàdàn láti ìparí àwọn ọdún 1950, ní àkókò tí wọ́n ń dá ẹgbẹ́ National Council of Women's Societies sílẹ̀. Ó ti jókòó ti àwọn ìyá, ó ti gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n. Nígbà tó wá wo ilé ìkàwé, kì í ṣe ìwé nìkan ló rí níbẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì tí mò ń sọ fún yín yìí pàdé nínú obìnrin kan ṣoṣo, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ẹ kò nílò láti lọ kọ́ ọ ní òkè òkun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ilé. Ẹ mọ àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ọ̀pọ̀ yín ni wọ́n bí lẹ́yìn tí wọ́n ti wó Maroko ní oṣù keje 1990, lábẹ́ ìjọba ológun Raji Rasaki, nítorí náà ìtàn lásán ló jẹ́ létí yín. Kì í ṣe ìtàn lójú àwọn ìyá àti bàbá kan tó ń rìn ní àdúgbò yìí. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ilasan àti Ikota, àwọn tó kù tú ká síhìn-ín sọ́hùn-ún ní gbogbo etí ọ̀sà. Láti oṣù kọkànlá 2016 títí wọ oṣù kẹrin 2017, ọ̀ràn náà tún ṣẹlẹ̀ ní Otodo Gbame, abúlé àwọn Ègùn apẹja ní Lekki. Iná jó, katakata wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé wọn bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Àwọn tó gba ìdájọ́ yẹn gbà á nítorí pé wọ́n rí ẹni ṣàlàyé ẹ̀tọ́ wọn fún wọn, wọ́n sì rí ẹni bá wọn dé kóòtù. Àlàyé yẹn, iṣẹ́ ìwé ni. Bíbá ènìyàn dé kóòtù, iṣẹ́ wẹ́fíà àti lọ́yà ni. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe so pọ̀?

Nígbà tí ilé bá wó, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù nìkan ló ń wó. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ wà lábẹ́ ibẹ̀, èsì ìdánwò wà níbẹ̀, káàdì ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Ọmọ náà yóò dé ilé ìwé tuntun, wọn yóò ní kó mú ìwé wá. Òfin UBE ti 2004 sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí JSS, pé dandan ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyá tí kò mọ̀ yóò padà sílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Bákan náà ni nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà ní oṣù kẹfà 2022. Àìmọye ọ̀dọ́kùnrin ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni tó fẹ́ wá iṣẹ́ mìíràn nílò NIN, ó nílò láísẹ́ǹsì, ó nílò ẹni tó máa bá a kọ lẹ́tà. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ lẹ́tà kan fún un, oníjìbìtì sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Olùtọ́jú ìwé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ méjèèjì láàárín wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ bí ó ṣe máa ń rí. Ká ní obìnrin kan wọlé tọ̀ yín wá ní ilé ìkàwé. Ó ní òun fẹ́ rí ìwé òfin lórí ọkọ àti ìyàwó. Kò sọ pé wọ́n lu òun. Ó wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru. Ọmọ mi olùtọ́jú ìwé, má bi í pé, "Àǹtí, ṣé ọkọ yín ń lù yín ni?" Bí o bá bi í bẹ́ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Fún un ní àga níbi tí ojú èrò kò ti tó o. Mú òfin tó ń dáàbò bo ni lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé jáde, òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007, kó o sì bi í bóyá yóò fẹ́ kí o ka ibì kan nínú rẹ̀ sí i létí ní Yorùbá. Fi hàn án pé kóòtù lè pàṣẹ fún ọkùnrin kó má fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀. Fi hàn án pé kì í ṣe òun nìkan ló lè lọ bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ náà, òfin gbà kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tàbí tíṣà bá a gbé e lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, dákẹ́. Jẹ́ kó kà á, jẹ́ kó ronú. Tó bá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti fọkàn tán ọ nìyẹn, ó sì lè sọ ohun tó kù.

Nígbà tó bá sọ ọ́, iṣẹ́ rẹ dé òpin ibì kan, ti ẹnì kejì rẹ ló kàn. Má ṣe lọ bá ọkọ rẹ̀. Má ṣe gbà á sílé rẹ. Má ṣe gbà á ní ìmọ̀ràn tí wọn kò kọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ wẹ́fíà ni wọ́n kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ẹ̀mí obìnrin yìí wà nínú ewu lálẹ́ òní, bí wọ́n ṣe ń ṣètò ibi tí yóò sùn, bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ mọ ọ̀nà tó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ ní 2014 tí òfin sì sọ di àjọ ní 2021. Ẹ mọ Office of the Public Defender tí kì í gba owó lọ́yà lọ́wọ́ tálákà. Ẹ mọ Mirabel Centre tó wà ní ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013, tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ìkẹjà náà ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Lekki sí Epe, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ènìyàn gbéra láti Addo lọ sí Ìkẹjà, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, láìsí owó ọkọ̀. Ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì sórí bébà fún un, ẹ ní kó máa lọ: ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Bébà yẹn yóò wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ títí yóò fi gbó. Olùtọ́jú ìwé ni kó gbé fóònù lójú rẹ̀, kó pe òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lórúkọ, kó sọ pé, "Mo ní ẹnì kan lọ́dọ̀ mi," kí ẹni yẹn sì wá sí ilé ìkàwé bá a. Láti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ni, kò gbọdọ̀ jábọ́ sílẹ̀ láàárín. Kí owó ọkọ̀ sì wà nínú ohun tí ẹ ń dá jọ, kó tó kan owó bánà.

Ẹ má rò pé olùtọ́jú ìwé nìkan ló ń jàǹfààní ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wẹ́fíà, ẹ gba ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ èmi ìyá yín. Ohun tó ń bà yín níṣẹ́ jẹ́ jù ni ìmọ̀ tó ti gbó. Nọ́ńbà fóònù tí kò lọ mọ́. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tó ti ti ilẹ̀kùn láti ọdún tó kọjá. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ní ọjọ́rú ló ń rí aboyún, tó sì ti yí i sí ọjọ́ ajé. Ẹ óò rán aláìní lọ, yóò fi owó gaàrí wọ mọ́tò, yóò bá ilẹ̀kùn títì. Kò ní gbà yín gbọ́ mọ́ láé. Olùtọ́jú ìwé ló mọ bí wọ́n ṣe ń kó ìmọ̀ jọ, tí wọ́n ń pín in sí ìsọ̀rí, tí wọ́n ń kọ déètì sí i, tí wọ́n ń yọ èyí tó ti kú kúrò. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Librarians' Registration Council tí òfin 1995 gbé kalẹ̀ kò forúkọ wọn sílẹ̀ fún títo ìwé lásán. Ẹ jọ ṣe ìwé atọ́ka kan fún àdúgbò yìí: ta ló ń ran ènìyàn lọ́wọ́, níbo, ọjọ́ wo, kí ni kí wọ́n mú dání, èdè wo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Kí olùtọ́jú ìwé máa pe gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí mo bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè ṣe ní Addo ní ọdún yìí, ìwé yẹn ni.

Àwọn tó ṣe irú rẹ̀ wà níbòmíràn. Ní 2009, ilé ìkàwé ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà gba òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan síṣẹ́, Leah Esguerra, nítorí pé àwọn tí kò nílé ló ń sùn sórí àga wọn lọ́sàn-án. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn náà ni pé wọ́n tún gba àwọn kan tó ti gbé ìgboro rí síṣẹ́, kí wọ́n máa bá àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà ti tẹ̀ lé wọn láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de owó San Francisco. Ní Tamale, ní àríwá Ghana, ilé ìkàwé ìjọba bá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Savana Signatures dòwò pọ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn aboyún nípa oyún àti ìtọ́jú ọmọ. Ilé ìkàwé ni o! Àwọn aboyún gba ìmọ̀ràn láti ibẹ̀. Ní Accra, arábìnrin kan láti Kánádà, Kathy Knowles, bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún àwọn ọmọdé lábẹ́ igi nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní 1990. Nígbà tí èrò pọ̀, kọ̀nténà ni wọ́n sọ di ilé ìkàwé. Ẹ wo ojú ọ̀nà yín. Nínú kọ̀nténà ni wọ́n ti ń ṣe irun, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ta símẹ́ńtì, níbẹ̀ ni oní-POS wà. Kí ló dé tí ìwé kò lè wà nínú ọ̀kan?

Ohun mẹ́ta ló ń bà mí lẹ́rù nípa yín, n ó sì sọ ọ́ láìfi bò. Ẹnu ni àkọ́kọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tí ènìyàn kà ní ilé ìkàwé, ohun tó bèèrè, ẹni tó bá a wá, kò kan aládùúgbò, kò kan pásítọ̀ tàbí ààfáà, kò kan ìyá ọkọ rẹ̀. Àfi bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń ṣe ọmọdé níkà. Ìyẹn, ẹ kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti Èkó, 2007, wà nílẹ̀, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sì ni ọmọ lójú rẹ̀. Ní 2016 ìjọba ìpínlẹ̀ tún pàṣẹ pé gbogbo ibi tó ń gba ọmọdé gbọ́dọ̀ ní ìlànà ìdáàbòbò tí wọ́n kọ sílẹ̀. Kí ẹ tó gba ọmọ kan ṣoṣo wọlé, ẹ kọ tiyín, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ buwọ́ lù ú.

Fọ́tò ni èkejì. Mo ti rí i tó: wọ́n á fún ọmọ ní ìwé méjì, wọ́n á yà á ní àwòrán ogún, ó di Facebook. Ojú ọmọ tálákà kì í ṣe ohun ìpolówó. Bí olówó kan bá ní òun kò ní fún yín lówó àfi tí òun bá rí fọ́tò obìnrin tí wọ́n lù, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un.

Ìkẹta ni pé yóò rẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ óò máa gbọ́ wúwo, olùtọ́jú ìwé pàápàá kò sì gba ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e kúrò lọ́kàn. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wẹ́fíà ní èyí ní yunifásítì. Ẹ máa jókòó pọ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí ẹni tó gbọ́ ohun tó bà á nínú jẹ́ sọ ọ́ láìdárúkọ onítọ̀hún. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó ní ọkàn rere tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé kò rí ẹni bá a gbé ohun tó gbọ́.

Nípa ìwé tí yóò wà níbẹ̀: ẹ má kó gbogbo èyí tí àwọn ará òkè òkun ti sọ nù wọlé. Ẹ wá ìwé Yorùbá. Ẹ wá ìwé kékeré tó ní àwòrán nípa ibà, nípa oyún, nípa bí wọ́n ṣe ń ṣí àkántì. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ gba ohùn sílẹ̀ sórí fóònù ní Ègùn, ní Ìlàjẹ, ní Haúsá, ní Pidgin, bí Ògúnṣẹ̀yẹ ṣe mú ohùn lọ bá àwọn ọmọ Abadina. Ẹ ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nínú àwọn ẹ́sítéètì. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọdé, wọ́n sì ń gbé nínú ilé tí ìwé kún inú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ṣí ọ̀kan rí. Ẹ lọ bá àwọn ìyá ilé, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan yóò kọ̀. Ẹ tún padà lọ.

Bí ẹ óò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá ilé, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá ìwé. Kí olùtọ́jú ìwé kan àti ọmọ wẹ́fíà kan máa rìn ní méjì méjì, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ohun tí wọ́n ń wá tí wọn kò rí. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé, ọ̀gá ilé ìwé ìjọba, àwọn awakọ̀ ojú omi ní Badore, àwọn ìyálọ́jà, ẹ má fo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìwé atọ́ka yẹn bá ti gún régé, ẹ mú un lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì Etí-Ọ̀sà East, ẹ wá ẹ̀ka tó ń rí sí ìgbáyégbádùn, kí ẹ bèèrè fún kíláàsì kan tó ṣófo lẹ́yìn ilé ìwé tàbí ààyè kọ̀nténà kan. Èmi yóò bá yín lọ. Wọn yóò fún àgbàlagbà ní àga jókòó. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá Langbasa, kí ẹni tó bá gbọ́ Ègùn nínú yín síwájú àwọn tó ń lọ sí etí omi.